Ìdí Tí Ìyá Mi Fi Ń Sọ Ọ́ Lẹ́ẹ̀mejì

Láàárín ọdún 1980 sí 1989 tí mo fi ṣe olùkọ́ èdè Yorùbá ní Ìbàdàn, ohun tí àwọn ọmọ kíláàsì àṣekágbá ń bẹ̀rù jù nínú iṣẹ́ mi ni ọnà èdè. Bí mo bá ti kọ ọ́ sára pátákó báyìí, ojú gbogbo wọn á fà ro. Èmi ò bẹ̀rù rẹ̀ rárá, torí pé ó lójútùú. Bí o bá rí "bí" tàbí "jọ" níbi tí wọ́n ti ń fi nǹkan wé nǹkan, àfiwé tààrà ni. Bí o bá pe ọkùnrin ní kìnnìún, tí o kò fi "bí" sí i, àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ nìyẹn. Bí ilé bá ń sunkún olówó rẹ̀, ìfohunpènìyàn ni. Bí wọ́n bá ní lágbájá jẹun tán, ó jẹ abọ́ mọ́ ọn, àsọrégèé ni, ẹ má wá a lọ sí ọsibítù. Mo máa ń fi ṣọ́ọ̀kì fàlà sábẹ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ọkàn mi á sì balẹ̀.

Ìhà Bódìjà ni ilé-ẹ̀kọ́ wa wà. Àgbówó ni mo ń gbé, nínú yàrá kan ṣoṣo, nínú ilé tí akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kún inú rẹ̀ dẹ́múdẹ́mú. Pijin ni wọ́n ń sọ láàárín ara wọn láti àárọ̀ dalẹ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń yá sítóòfù ara wọn lò. "Àǹtí tíṣà" ni wọ́n ń pè mí. Wọ́n á kí mi dáadáa, wọ́n á sì dín ohùn kù títí n ó fi kọjá. Mi ò bínú sí wọn. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti ti ilẹ̀kùn mi lọ́sàn-án Ọjọ́ Ẹtì, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ tó nítumọ̀ mọ́ títí di Ọjọ́ Ajé. Ní ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá, orin ni mo ń kọ, n ó gba ẹnu ọ̀nà lọ. Mo dá wà, ó sì ń dùn mí. Èyí tó dùn mí jù ni pé kò sẹ́ni tó mọ oríkì mi nínú gbogbo ìlú náà.

Nílé wa ní Òkè-Ògùn, bí mo bá kúnlẹ̀ kí ìyá mi láàárọ̀, oríkì ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ láti ìdílé bàbá mi, wọ́n á wá bọ́ sórí èyí tí àwọn fúnra wọn fi kún un, nítorí pé nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn, mo la oko àgbàdo já lọ bá wọn láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ìró ẹsẹ̀ mi. Bí wọ́n bá ń pè é lọ́wọ́, èmi ò gbọdọ̀ fọhùn, mi ò sì gbọdọ̀ dìde. Orí mi á máa wú títí wọ́n á fi ní kí n dìde.

Lọ́jọ́ kan, mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní àwítúnwí, ìyẹn ni kí akéwì sọ ọ̀rọ̀ kan náà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ọmọbìnrin kan tó máa ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé nawọ́ sókè.

"Mà, bó bá ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kí ló tún ń sọ ọ́ fún?"

Mo dá a lóhùn bí ìwé ṣe wí, pé fún ìtẹnumọ́ ni. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n mo rí i lójú rẹ̀ pé kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá àpẹẹrẹ tí kò sí nínú ìwé wọn, àfi bí ẹnu mi ṣe gbé oríkì mi:

Ọmọ ẹlẹ́sẹ̀ jẹ́jẹ́ tó la oko àgbàdo já,
Ọmọ ẹlẹ́sẹ̀ jẹ́jẹ́, àgbàdo ò mọ̀ pẹ́nì kan kọjá.

 Àwọn ọmọ ní kí n máa bá a lọ, ó sì tì mí lójú pé ìlà méjì yẹn péré ni mo mọ̀. Ẹni tí wọ́n ń kì kì í há a sórí. Mo pinnu pé bí a bá gba ìsinmi Àjíǹde, n ó lọ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ wá fún wọn. Kí n má parọ́, èmi náà fẹ́ ní in lọ́wọ́ ní Àgbówó.

Àárọ̀ tó tẹ̀ lé ọjọ́ tí mo délé, mo kúnlẹ̀, ìyá mi bẹ̀rẹ̀. Mo yọ ìwé àjákọ àti bírò lábẹ́ ìró mi. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n dúró ná, kí wọ́n tún ìlà yẹn pè. Wọ́n tún un pè. Mo tún dá wọn dúró.

"Mà, ẹ ti sọ ìlà yìí tẹ́lẹ̀. Ṣé bó ṣe wà nìyẹn, àbí ẹ ṣì í pè?"

Wọ́n wò mí lórí ìkúnlẹ̀ tèmi ti bírò lọ́wọ́. Wọ́n wá ń pe ìyókù ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ka ohun tí wọ́n fẹ́ kí ọmọ rà bọ̀ lọ́jà. Nígbà tó tán, wọ́n bi mí bóyá mo ti kọ ọ́ tán. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní ó dáa, kí n dìde.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo kúnlẹ̀. Wọ́n kí mi káàárọ̀, wọ́n bi mí bí mo ṣe sùn, wọ́n kọjá lọ síbi iná. Mo wà lórí ìkúnlẹ̀ fúngbà díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ́jọ́ kẹta, ni mo bá ní wọn ò kì mí mọ́.

"Ó ti wà nínú ìwé ẹ," ni ìyá mi wí. "Kí ni n ó tún máa pè é fún?"

Kò sí ìbínú lóhùn wọn, ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Bí wọ́n bá bínú ni, ǹ bá bẹ̀ wọ́n. Wọ́n rò pé àwọn ti gbé ẹrù fún ẹni tó ni ín ni.

Mo padà sí Ìbàdàn. Mo tẹ oríkì náà fún àwọn ọmọ, a fàlà sábẹ́ ọnà èdè inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ sì yìn mí. Láàárọ̀ Sátidé, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi, mo kà á sókè láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Orí mi ò wú. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kanlẹ̀kùn, ó bi mí pé ṣé mo ní àlejò ni. Mo ní rárá, kò sí ẹnì kankan. Nígbà tó lọ tán, mo sunkún.

Mi ò dúró de ìsinmi mìíràn. Ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e, mo wọ mọ́tò Òkè-Ògùn. Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo kúnlẹ̀ síwájú ìyá mi.

"Mà, ìwé yẹn ti sọnù."

Wọ́n wò mí pẹ́. "Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀, mà."

Ìwé náà sì wà nínú báàgì mi lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ìyá tó bí mi ni wọ́n, mi ò rò pé wọ́n gbà mí gbọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n gbé abẹ̀bẹ̀ ọwọ́ wọn kalẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti ilé bàbá mi. Ìlà oko àgbàdo dé. Bí wọ́n ṣe kọ́kọ́ pè é, mo gbọ́ ọ. Bí wọ́n ṣe tún un pè, mo rí i pé wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí, ọwọ́ náà wúwo díẹ̀, bí ẹni ń dá èèyàn dúró. Mi ò ka ìlà kankan.

Ọjọ́ Àìkú ni mo padà sínú yàrá mi, ó sì dákẹ́ bó ṣe máa ń dákẹ́. Lọ́jọ́ Ajé, mo pe ọmọbìnrin ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, mo ní mi ò dá a lóhùn dáadáa níjọ́sí. Mo ní ti àkọ́kọ́, kí ọmọ lè mọ̀ pé òun ni wọ́n ń pè ni. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, nítorí ìyá ni, kí ọmọ má tíì dìde lọ.

Ó gbé bírò rẹ̀, ó bi mí pé ṣé kí àwọn kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ bó bá jáde nínú ìdánwò.

Mo ní rárá, ìtẹnumọ́ ni kí wọ́n kọ.