Ará Ẹ̀yìn Odò

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹ̀yìn odò ni ilé wa wà. Ilé-ẹ̀kọ́ wà níwájú odò, lókè pátápátá, àwọn ọmọ tí ilé wọn wà ní apá ibẹ̀ sì máa ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. "Ará ẹ̀yìn odò" ni wọ́n ń pè wá. Ọwọ́ mi ti ń kan etí kejì tipẹ́tipẹ́ kí bàbá mi tó gbà kí n lọ kàwé, nítorí náà yẹ̀yẹ́ tèmi pọ̀.

Ẹ fọkàn bá mi lọ, ẹ̀yin ọmọ. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló la abúlé wa já, odò sì gé e sí méjì. Ilé wa ni ìkarùn-ún lẹ́yìn odò, ti ọ̀rẹ́ mi ni ìkejì. Bí a bá ń lọ sílé-ẹ̀kọ́, iwájú mi ni ọ̀rẹ́ mi ti máa ń bọ́ sọ́nà. Ẹni tó jìnnà jù lẹ́yìn odò ló máa ń gbẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n tó bá di omi pípọn, yẹ̀yẹ́ a parí. Ọmọ ilé ìkarùn-ún níwájú odò, tó ń fọ́nnu sí mi, iye ìrìn kan náà ni èmi àti òun ń ru omi rìn láti odò délé. Ìyá mi a ní ìkòkò omi ò mọ iwájú yàtọ̀ sí ẹ̀yìn.

N kò rántí ọ̀rọ̀ yìí mọ́ títí di ọdún tó kọjá, ní Troyeville, ní Johannesburg níbí. Ìyàwó mi ló máa ń jókòó ti àbíkẹ́yìn wa, ọmọbìnrin, bó bá ń ṣe iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́. Lẹ́yìn tí ìyàwó mi kú, ọmọ náà kò bi mí ní ohunkóhun nípa ìwé. Ó mọ̀ pé mo pẹ́ kí n tó kàwé. A óò sọ ti oúnjẹ, a óò sọ ti aṣọ òtútù, ọ̀rọ̀ a tán. Ó ń dùn mí.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, òtútù mú débi pé ìrì dì, koríko sì funfun. Ọmọ náà jókòó nídìí hítà, ó ń kọ, ó ń pa á rẹ́. Ìdánwò ìṣirò ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Mo bẹjú wo ìwé rẹ̀. Ó kọ ọ́ pé márùn-ún alámì ìyọkúrò tóbi ju méjì alámì ìyọkúrò lọ. Mo bi í pé kí ló dé. Ó fi òyìnbó dáhùn pé márùn-ún ṣáà ju méjì lọ. Lẹ́yìn náà ló fi ìka kan àárín ìlà nọ́ńbà tó fà, níbi tó kọ 0 sí.

"Dádì, kí la ń pe eléyìí ní Yorùbá? Ṣé odò ni?"

Òdo ló fẹ́ sọ. Àwọn ọmọ tí a bí síbí, ohùn máa ń yẹ̀ mọ́ wọn lẹ́nu. Mo ti lanu láti tún un ṣe, ni ẹ̀rín bá gbà mí.

"Odò ni," mo wí. "Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Mo gba pẹ́ńsù, mo ya ilé sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, mo ya ilé-ẹ̀kọ́ sí ìparí ìlà níwájú odò. Mo ní àmì ìyọkúrò yẹn, ará ẹ̀yìn odò ni. Mo bi í pé ta ló sún mọ́ ilé-ẹ̀kọ́ jù, èmi tó wà ní ilé ìkarùn-ún ni tàbí ọ̀rẹ́ mi tó wà ní ìkejì.

Ó wò ó pẹ́. "Ọ̀rẹ́ yín. Ẹ̀yin lẹ gbẹ̀yìn."

Ó wá béèrè ìtumọ̀ ìlà méjì tó máa ń dúró ṣánṣán lọ́tùn-ún lósì nọ́ńbà. Tíṣà ti ní bí nọ́ńbà ṣe jìnnà sí òdo tó ni. Mo ní omi pípọn nìyẹn, ìrìn kan náà ni fún èmi àti ọmọ ilé ìkarùn-ún níwájú odò, kò sẹ́ni tó ń béèrè ẹ̀gbẹ́ tí o ti wá.

"Eish, Dádì. Ọrùn ẹ̀yin méjèèjì jọ ń dùn yín ni?"

A rẹ́rìn-ín títí ìrẹsì fi jóná lórí iná.

Ó yege. Ayé ti yí padà. Inú ilé ni omi ti ń yọ, wọ́n sì ní afárá ti wà lórí odò wa. Ní Johannesburg níbí, àwọn kan ṣì ń wo àwa àjèjì bí ará ẹ̀yìn odò, ṣùgbọ́n orúkọ yẹn kò dùn mí mọ́. Ọmọ mi ti fi í sọ mí lórúkọ. Nírọ̀lẹ́, bí iṣẹ́ rẹ̀ bá le, mo máa ń gbọ́ ọ láti yàrá: "Bàbá Ẹ̀yìn Odò, ẹ wá wo èyí." Mo sì máa ń dìde.