Opó Tó Fa Ọmọ Rẹ̀ Fún Ọkọ

"Ẹ̀yin ọmọ, àlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

Àlọ́ mi rìn, rìn, rìn, kò bá ìjàpá pàdé, kò bá ẹkùn pàdé. Ó yà sí Eastbrook ní Dagenham, ní Lọ́ńdọ̀nù, ó kan ilẹ̀kùn obìnrin Híńdù kan tó ń jẹ́ Kókílà.

Aránṣọ ni Kókílà. Bí síìpù yín bá já, bí sòkòtò bá gùn jù, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ń gbé e lọ. Ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ kú ló kó aṣọ aláràbarà rẹ̀ sínú àpótí, tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ funfun, nítorí funfun laṣọ opó níbi tí wọ́n ti bí i. Àwọn àgbà ibẹ̀ sì ní opó kì í fọwọ́ kan ohun ayọ̀. Ẹ̀yìn pátápátá ló ń jókòó sí níbi ìgbéyàwó, kí ibi tirẹ̀ má baà ran ìyàwó.

Ìgbà tó yá, Hétàl, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, rí ọkọ fẹ́. Lọ́dọ̀ tiwọn, bàbá àti ìyá ló jọ ń fi ọwọ́ ọmọ lé ọwọ́ ọkọ níwájú iná mímọ́. Bàbá ò sí mọ́. Mánjúlà, ẹ̀gbọ́n olóògbé, ní òun àti ọkọ òun ni yóò ṣe é.

Hétàl fárígá. "Màmá mi ni yóò fà mí fún ọkọ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, mi ò ṣe mọ́!"

"Ayé òde òní ti bà yín jẹ́," ni Mánjúlà wí. "Ṣé o fẹ́ kí ọkọ tìẹ náà kú ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ló gún Kókílà lọ́kàn. Ó wù ú, ó wù ú dọ́ba! Ṣùgbọ́n bó bá wá kó bá ọmọ ńkọ́?

Wọn ò tíì yanjú rẹ̀ tí ọjọ́ ìgbéyàwó fi pé, ọjọ́ Sunday ni. Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́, àwọn ará ọkọ ń jó wọlé, òdòdó pupa, òdòdó òféèfèé, ilé ń rùn tàsánsán! Àfi bí Abímbọ́lá, aládùúgbò Kókílà, ṣe já wọlé láti ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wọn ní Gascoigne, tòun ti sùtáńnà funfun gbòò, lẹ́sẹ̀ lásán. Gbogbo ojú yí sí i.

"Ta ló kú?" Mánjúlà fò dìde. "Ta ló pe opó wá síbí?"

"Ikú kẹ̀? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Abímbọ́lá ta kìjí. "Aṣọ ìyìn nìyí! Aṣọ áńgẹ́lì! Bí ayọ̀ wa bá pọ̀ jù la ń wọ̀ ọ́. Ìyá Hétàl, ṣebí ẹ̀yin náà ń wọ̀ ọ́ lójoojúmọ́? Èmi rò pé ẹ kàn fẹ́ràn ayọ̀ ni!"

Hà! Kókílà bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́. Ó kọjú sí àlùfáà wọn. "Bàbá, bí mo bá fọwọ́ kan ọmọ mi, ṣé ibi ni mo ṣe fún un?"

Àlùfáà mirí. "Ẹ̀sìn wa ní kí ọmọ máa wo ìyá rẹ̀ bí ẹni ń wo Ọlọ́run. Ṣé Ọlọ́run wá ń di orí burúkú ni? Àṣà ni Mánjúlà ń sọ. Mi ò ní parọ́, àwọn àlùfáà kan ò ní gbà á. Èmi gbà á. Wá jókòó."

"Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ńkọ́?" ni Mánjúlà wí.

"Nǹkan ti ṣẹlẹ̀ ná, ẹ̀gbọ́n mi," ni Kókílà wí. "Ọkọ mi kú. Ọwọ́ yìí ló ránṣọ bọ́ Hétàl, òun ló dirun fún un lọ sílé ìwé. Ìgbà wo ló wá di ọwọ́ ibi?"

Ó jókòó síwájú iná, òun nìkan. Ó mú ọwọ́ Hétàl tó kún fún làálì, ó gbé e lé ọwọ́ ọkọ, wọ́n da omi sí i bí àṣà wọn. Gbogbo ilé hó gèè! Ìrẹsì ìsúre ń fò, òdòdó ń fò, Abímbọ́lá ń pariwo "Halelúyà!" láàárín àwọn Híńdù. Mánjúlà ò pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n kò jáde.

Kókílà ò gbọ́ ariwo kankan. Hétàl ló ń wò, Hétàl sì ń rẹ́rìn-ín sí i.

Tiwaladé, má bi mí ní nǹkan mìíràn, oorun ti ń kùn ọ́. Láyí, dìde lórí ẹsẹ̀ mi. Ibi tí àlọ́ mi rìn dé nìyẹn, ó ti rẹ òun náà. Ẹ gbéra, ó di orí bẹ́ẹ̀dì!