Ìpara Tí Marlyse Fọwọ́ Ara Ẹ̀ Ṣe, Tó Tún Kọjá Odò Lọ Rà

Ọdún mẹ́tàlélógún gbáko ni Marlyse Ostertag ti ń dúró nídìí ẹ̀rọ tó ń pa ìdí túùbù ìpara dé nílé iṣẹ́ wa, lẹ́yìn ìlú Strasbourg nílẹ̀ Faransé, níbi tí oko kábéèjì ti parí. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ni mo wà, èmi ni mò ń to túùbù sínú páálí. Ilé kan náà la tún ń gbé, èmi nísàlẹ̀, òun àti ìyá ẹ̀ lókè. Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi ló ṣe, èyí tí kò sì ṣojú mi, Marlyse ti rò ó fún mi lẹ́ẹ̀mẹwàá. Tí inú bá bí i, gbogbo ilé iṣẹ́ ló máa mọ̀ kí ẹ̀rọ tó gbóná.

Ìdí túùbù ni wọ́n ń gbà rọ ìpara sí i, àbí ẹ ò mọ̀? Ẹnu ẹ̀ ti wà ní dídé tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rọ á rọ ìpara sí i látìdí, á fi ooru lẹ ìdí náà pọ̀ pẹlẹbẹ, Marlyse á wá máa wò ó bóyá ó lẹ̀. Túùbù tó ń jò kì í kọjá lójú ẹ̀.

Láàárọ̀, ti Faransé la máa ń ṣe. Ó fẹ́lẹ́, wọ́n fi òórùn òdòdó sí i, wọ́n sì fi páálí funfun wọ̀ ọ́ pẹ̀lú ìwé gígùn tí ẹnikẹ́ni kì í kà. Lọ́sàn-án, a ó fọ ẹ̀rọ, a ó bẹ̀rẹ̀ ti ṣọ́ọ̀bù Jámánì kan. Ìyẹn ki bí ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀, kò lóòórùn, kò ní páálí. Àgbá kan náà ni, omi kan náà, ohun tó sì ń wo ẹsẹ̀ sísán nínú ẹ̀ kò fi ẹyọ kan ju ara wọn lọ. Ṣùgbọ́n kí Faransé tó ta tiẹ̀ fún ọ, obìnrin aláṣọ funfun nílé oògùn á kọ́kọ́ bi ọ́ nípa awọ ara ẹ títí dórí ti ìyá ìyá ẹ. Ní Jámánì, ìwọ fúnra ẹ lo máa mú un lórí pẹpẹ, láàárín ọṣẹ ìfọṣọ àti oúnjẹ ológbò, kò sẹ́ni tó máa bi ọ́ léèrè. Owó ẹ̀ kò tó ìdajì. Ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn wa fi ń wọ ọkọ̀ ojú irin ìgboro kọjá afárá odò Rhine lọ sí ìlú Kehl ní Jámánì, tí wọ́n á fi àpò kíkún bọ̀.

Irma ni ìyá Marlyse ń jẹ́, ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún. Àtọ̀gbẹ ń ṣe é. Nínú oṣù kọkànlá, gìgísẹ̀ ẹ̀ sán débi pé owó ẹyọ lè há sí i. Dókítà ní kí wọ́n máa fi ìpara pa á láràárọ̀, torí tí ọgbẹ́ bá fi lè wọbẹ̀, ilé ìwòsàn ló kàn, ilé ìwòsàn sì lè gba ẹsẹ̀ náà. Ọkọ Irma fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn wọ ilé ìwòsàn, wọn ò rí i kó padà. Irma ti búra pé òun ò ní débẹ̀ láéláé.

Marlyse ra ti Faransé wálé. Irma gbé awò ẹ̀ sójú.

“Kí ni wọ́n kọ síbí? Urée?”

“Ohun tó ń jẹ́ kí awọ rọ̀ ni, Màmá.”

“Ìtọ̀ ni!” Òótọ́ ni pé ọ̀rọ̀ náà àti orúkọ tí Faransé ń pe ìtọ̀ jọra bí ọmọ ìyá. “Ìtọ̀ ta ni, Marlyse? Ti ọ̀gá yín ni?”

“Kì í ṣe ìtọ̀ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rọ ló ń ṣe é. Ilé iṣẹ́ wa gan-an ló...”

“Ilé iṣẹ́ yín á wá tọ̀ sí mi lẹ́sẹ̀! Lọ ra ti Jámánì fún mi. Àwọn yẹn mọ́ tónítóní.”

Ẹ bá mi wò ó. Ẹni tí àtọ̀gbẹ ń ṣe, ìtọ̀ ló wá ń sá fún.

Marlyse kọjá odò. Urea ni wọ́n kọ gàdàgbà sára ti Jámánì. Ojú Irma tàn. “Urea! Orúkọ ọmọ dáadáa nìyẹn. A jọ wà ní kíláàsì kan.”

“Ulrike lẹ jọ wà ní kíláàsì, Màmá.”

“Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ni.”

Lọ́jọ́ kejì níbi iṣẹ́, Marlyse na túùbù kan náà sí mi lójú. Lẹ́yìn ẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà tó kéré bí eèrà, wọ́n kọ ọ́ pé Faransé ni wọ́n ti ṣe é, lẹ́tà ilé iṣẹ́ wa ló sì ṣáájú nọ́ńbà tó wà nídìí ẹ̀.

“Èmi ni mo dé ìdí eléyìí!” ló ń pariwo. “Mo wọkọ̀, mo kọjá odò, mo tò sórí ìlà, kí n lè ra iṣẹ́ ọwọ́ ara mi!”

“Ṣé ó lẹ̀ dáadáa?” ni mo bi í.

Díẹ̀ ló kù kó sọ ọ́ lù mí. Ẹ má sì bi mí pé kí ló dé tí kò mú un níbi iṣẹ́. Wọ́n ń yẹ àpò wa wò lẹ́nu ọ̀nà.

Ìpara náà ṣiṣẹ́, gìgísẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ṣùgbọ́n Irma fi pa ìgunpá, ó fi pa ẹsẹ̀ ológbò, nígbà tó sì tán, kò sọ fẹ́nì kan. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹfà oṣù kìíní, Jocelyne, nọ́ọ̀sì tó ń wá sílé, tú ìbọ̀sẹ̀ ẹ̀, ó sì mí kanlẹ̀.

“Ó tún ti sán, Màmá Irma. Tó bá fi lè pọ́n jù báyìí lọ lọ́la, mo máa pe ọkọ̀ ilé ìwòsàn.”

Ọjọ́ ìsinmi Marlyse ni. Ó sáré lọ sí Kehl. Ọkọ̀ ṣófo, ó yẹ kó ti fura. Lọ́dọ̀ wa, ọjọ́ Amòye Mẹ́ta kì í dá iṣẹ́ dúró, àkàrà òyìnbó la kàn ń jẹ. Lódìkejì odò, ọjọ́ ọlidé ni, gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló ń tì. Ẹni tí wọ́n bí sétí odò! Ọdọọdún lẹnì kan nínú wa máa ń bọ́ sí páńpẹ́ yìí. Marlyse dúró síwájú ìlẹ̀kùn gíláàsì, ó ń wo túùbù náà lórí pẹpẹ, bíi kó nawọ́ mú un.

Nígbà tó dé, mo wà ní kíṣìnnì wọn. Kò kí mi. Ó gé ìdí túùbù Jámánì tó ti tán, ó fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, ó fi ṣíbí rọ ti Faransé tí Irma kọ̀ lóṣù kọkànlá sí i, ó ká ìdí ẹ̀ pẹlẹbẹ, ó wá fi irin gbígbóná tó fi ń na irun tẹ̀ ẹ́. Ó lẹ̀ ju ti ẹ̀rọ lọ.

Irma gbóòórùn ẹ̀. “Kí ló ń ta sánsán?”

“Àwọn Jámánì ti ń fi òdòdó sí i, Màmá.”

“Jámánì wo? Òórùn ilé oògùn nìyí. O fẹ́ tàn mí, àbí?”

Ni Marlyse bá bú jáde. “Ẹ gbọ́! Èmi ni mò ń ṣe ti àárọ̀, èmi ni mò ń ṣe ti ọ̀sán! Nǹkan kan náà ló wà nínú méjèèjì! Jámánì lórúkọ tiwọn fún un, Harnstoff, ẹ sì mọ ohun tí Harn ń jẹ́. Wọ́n kàn fi pamọ́ fún yín ni!”

Irma gbédè Jámánì láti kékeré, ó mọ̀ pé ìtọ̀ ni Harn. “Ṣé pé láti oṣù kọkànlá ni mo ti ń fi ìtọ̀ para?”

“Láti oṣù kọkànlá lẹsẹ̀ yín ti ń sàn! Àbí ilé ìwòsàn lẹ fẹ́?”

Irma mú túùbù náà, ó fi àtàǹpàkò tẹ ìdí ẹ̀, ó tún un tẹ̀. “Kò jò,” ló wí. Ó gbé ẹsẹ̀ lé ọmọ ẹ̀ nítan. “Ó yá, pa á. Ṣùgbọ́n o ò gbọdọ̀ sọ fún nọ́ọ̀sì. Mo ti sọ fún un pé mi kì í lo ti Faransé.”

Nígbà tí Jocelyne dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, pípọ́n náà ti lọ sílẹ̀, kò pe ọkọ̀ kankan. Kó tó di ìparí oṣù, gìgísẹ̀ ti jinná.

Ẹ má rò pé ó parí o. Marlyse ti lọ sí Kehl lọ́jọ́ keje yẹn, ó ra méjì. Irma ṣí ọ̀kan, ó gbóòórùn ẹ̀, ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́.

“Eléyìí kò lóòórùn. Ayédèrú ni. Ti Jámánì tó ń ta sánsán yẹn ni mo fẹ́.”

Marlyse wò mí, èmi náà wò ó. Ó dìde, ó lọ ki irin ìnarun ẹ̀ bọ iná.