Ọ̀rá Gàrí Àbúrò Mi

Nílé wa ní Ayétòrò, ata ni wọ́n fi ń mọ ọmọ tó gbọ́n. Bí ata bá ti ń pọ́n, gbogbo wa la ó ya lọ sóko, èyí tó pọ́n nìkan la sì gbọ́dọ̀ já. Àbúrò mi ọkùnrin ní tirẹ̀, àtèyí tó pọ́n àtèyí tí kò pọ́n ni yóò kó kún agbọ̀n. Bàbá á ní kó kúnlẹ̀, wọ́n á gbé agbọ̀n lé e lórí, wọ́n á pè é ní ọ̀lẹ alágídí.

Nígbà tó dàgbà, ẹ̀gẹ́ ló lọ gbìn. Ó ní ẹnìkan kì í bi ẹ̀gẹ́ bóyá ó ti pọ́n. A rò pé àwàdà ló ń ṣe.

Lọ́dún tó kọjá, ó fẹ́ máa di gàrí rẹ̀ sínú ọ̀rá tó ní orúkọ. Iṣẹ́ yíya àwòrán sára ọ̀rá ọjà ni mò ń ṣe ní Ìlaròó. Mo fi àwọ̀ ewé ṣe ara ọ̀rá náà, mo fi pupa kọ orúkọ sí i gàdàgbà, torí pupa tètè máa ń fa ojú oníbàárà. Mo gbé e délé lọ́jọ́ Àìkú, Màmá ṣe sàdáńkátà. Àbúrò mi yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ó dáa o. Ìgbà wo ni wọ́n máa wá kọ orúkọ sí i?”

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, àfi òun.

Mo mú fóònù mi, mo yọ àwọ̀ kúrò lára àwòrán ọ̀rá náà. Orúkọ náà rì mọ́ ara ọ̀rá, a ò rí i mọ́. Mo ṣàlàyé fún wọn pé àwọn kan wà tí wọ́n bí bẹ́ẹ̀, tí ojú wọn kì í ya pupa sọ́tọ̀ lára àwọ̀ ewé.

“Ata!” ni Màmá wí, wọ́n káwọ́ lérí. Bàbá dìde, wọ́n wọlé lọ. Inú bí mi sí Bàbá lọ́jọ́ náà, kí n má purọ́.

Mo tún ọ̀rá náà ṣe: yẹ́lò, pẹ̀lú orúkọ ní búlúù tó ki. Nígbà tí mo gbé e dé, Bàbá ló gbà á lọ́wọ́ mi. Wọ́n jókòó ti àbúrò mi, wọ́n ń fìka tọ́ka sí ọ̀rọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Ṣé o rí èyí?”

“Mo rí i, Bàbá.”

“Èyí tó kéré yìí ńkọ́?”

“Mo rí i, sà.”

“O ò ya ọ̀lẹ rí,” ni Bàbá wí. “Má bínú sí mi, ọmọ mi.”

Àbúrò mi, ọkùnrin tó ti bímọ mẹ́ta, fi ọ̀rá gàrí bojú, ó sì sunkún bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ agbọ̀n kalẹ̀ fún.