Koríko Tí Wọn Kì Í Tẹ̀ ní Cork

Tí ẹ bá ń wá ẹni tó fi yunifásítì sílẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni lé e, èmi nìyí. Ọdún méjì ni mo lò níbẹ̀, l'Atlanta níbí. Mo kàn ń sùn tí kíláàsì ń lọ, títí kíláàsì fi parí láìsí mi. Báyìí, warehouse ni mo wà ní Forest Park, mò ń lẹ àdírẹ́sì mọ́ páálí. Àwọn páálí yẹn ti rìnrìn-àjò jù mí lọ.

Ọmọ àǹtí mi obìnrin, tó fi ọdún méjì jù mí, ló kó bá mi. Ó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Cork, ìlú kan ní Ireland. Lọ́jọ́ kan tí mo wà lórí break, ó fi fídíò pè mí, ó ní òun fẹ́ mú mi rìn yíká ìlú. Ó fi odò hàn mí, èyí tó pín sí méjì tó gbá àárín ìlú mọ́ra. Ó fi ṣọ́ọ̀ṣì kan hàn mí lórí òkè, aago mẹ́rin wà lára ilé agogo rẹ̀, wọ́n ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kì í sábà fohùn ṣọ̀kan. Bí èmi náà ṣe rí nìyẹn nígbà tí mo wà ní school: ibi tí Mọ́mì bá ti wò mí, irọ́ ọ̀tọ̀ ni wọ́n máa bá níbẹ̀.

Ló bá wọ inú yunifásítì wọn. Ilé olókùúta àtijọ́ yí pápá koríko kan ká, koríko náà tutù yọ̀yọ̀. Supervisor pè mí lẹ́ẹ̀mejì, mi ò gbọ́.

"Ṣé wọ́n lè gba irú mi níbẹ̀?"

"Irú ẹ bíi ti báwo? Olódo àbí ọ̀lẹ?"

"Méjèèjì."

"Apply, jàre. Wọ́n á ṣáà dá ẹ lóhùn."

Wọ́n dá mi lóhùn lóòótọ́: interview, lórí kọ̀ǹpútà, aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Tuesday. Mo jó nínú tọ́ílẹ́ẹ̀tì warehouse.

Lọ́jọ́ náà, Mọ́mì ò lọ síbi iṣẹ́. Wọ́n jókòó sí pálọ̀ wa ní Grayson, ìlú kékeré kan lẹ́bàá Atlanta, níbi tí kámẹ́rà ò ti lè rí wọn.

"Má sọ pé o fi school sílẹ̀ o."

"Ṣé kí n sọ pé ara yín ni ò yá?"

"Kó o máa fẹnu ẹ pe àìsàn fún mi? Sọ pé ò ń sinmi."

Olùkọ́ tó fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò jẹ́ obìnrin, ẹ̀rín ò jìnnà sí ẹnu rẹ̀. Ó ní kí ló dé tó jẹ́ Cork ni mo fẹ́. Mo da odò, aago àti òkè sílẹ̀ fún un bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Mo ní koríko àárín yunifásítì yẹn ni màá máa gbà lọ sí kíláàsì láràárọ̀.

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Má dán an wò. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í gba ibẹ̀. Wọ́n gbà pé ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ máa fìdí rẹmi nínú ìdánwò."

Kí n tó ronú, ọ̀rọ̀ ti já bọ́ lẹ́nu mi. "Mà, mi ò tẹ koríko kankan ní school tí mo fi sílẹ̀, mo sì fìdí rẹmi dáadáa."

Mo gbọ́ "Jésù" kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ láti ibi tí Mọ́mì jókòó sí.

"Kí ló wá ṣẹlẹ̀?" ni olùkọ́ náà bi mí.

Kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Bí wọ́n ṣe ń bú mi ni mo mọ̀. "Oorun ni, Mà. Tí mo bá sì jí, ojú ń tì mí láti wọlé, mo bá tún sùn."

Ó kọ nǹkan sílẹ̀. Ohun tó kọ gùn.

Bí mo ṣe pa kọ̀ǹpútà ni Mọ́mì dìde. "Oorun. O wá ròyìn oorun fún òyìnbó." Wọ́n lọ sí kíṣìnnì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fọ àwo tó ti mọ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, lẹ́nu iṣẹ́, lẹ́tà wọlé sórí fóònù mi. Mo pe Mọ́mì.

"Wọ́n gbà mí."

"Sí ọdún kelòó?"

"Ọdún kejì ni mo bèèrè, ọdún kìíní ni wọ́n fún mi. Àtìbẹ̀rẹ̀."

"Pẹ̀lú gbogbo irùngbọ̀n yẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Má pa fóònù. Kà á fún mi láti òkè."

Mo kà á. Wọ́n ní kí n tún un kà. Nígbà tí mo máa kà á lẹ́ẹ̀kẹta, àwọn tí a jọ ń lẹ páálí ti yí mi ká, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, èmi náà sì ń ka "first year" yẹn sókè bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi jẹ ọ̀jọ̀gbọ́n.