Elétí Ehoro àti Jíìpù Ìyàwó Rẹ̀

Ogún ọdún ni mẹkáníìkì yìí ti ń fi etí lásán wo ọkọ̀ sàn. Kò tíì ní í ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì tí yóò ti sọ ibi tó ń dun ọkọ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pè é ní Elétí Ehoro, orúkọ náà sì ń dùn mọ́ ọn ju bó ṣe yẹ lọ.

Àfi ìgbà tí jíìpù ìyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ariwo. Agbẹ̀bí ni ìyàwó náà, jíìpù yìí ló sì ń gbé e gun òkè lọ sí àwọn abúlé tí àwọn aboyún ti ń retí rẹ̀. Bí ó bá ti kó sí kòtò báyìí, iwájú rẹ̀ á dún: kò, kò, kò!

"Apá ọ̀tún ni," Elétí Ehoro sọ, ó sì pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì ọ̀tún. Kò, kò, kò! Ó pààrọ̀ bọ́ọ̀lù jọ́ìntì ọ̀tún. Ó pààrọ̀ gbogbo rọ́bà ọ̀tún. Kò, kò, kò! Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Ọ̀rọ̀ náà tojú sú u débi pé kì í lè jẹun tán mọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ìyàwó wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù. "Bàbá wọn, ọ̀la ni mò ń gun òkè. Bí ẹ ò bá rí i kí oòrùn tó wọ̀, màá gbé e lọ fún mẹkáníìkì òdìkejì títì."

"Èyí tó ń fi kọ̀ǹpútà gbọ́ ọkọ̀ yẹn?"

Ó ń fi ṣẹ̀fẹ̀ ni, ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ já. Bí ìyàwó Elétí Ehoro bá gbé ọkọ̀ lọ fún ẹlòmíì, ta ni yóò tún gbé tirẹ̀ wá?

Ó ní kí ìyàwó wà á, òun fúnra rẹ̀ jókòó sápá ọ̀tún, wọ́n sì forí lé ọ̀nà gbágungbàgun ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Kò, kò! Apá ọ̀tún náà ni. Ó kúnlẹ̀ lórí ìjókòó, ó kọjú sẹ́yìn láti mú sípánà. Kò, kò! Ariwo ti bọ́ sápá òsì. Ó kọjú síwájú, ariwo padà sọ́tùn-ún. Ó kọjú sẹ́yìn, ó tún bọ́ sósì. Irú ọkọ̀ wo nìyí?

"Dúró!" ló pariwo. Ó fi ìka di etí òsì, ẹ́ńjìnnì ṣì ń dún ketekete. Ó di etí ọ̀tún, gbogbo ayé dákẹ́ lọ rọ́rọ́. Etí òsì rẹ̀ ti kú, kò sì mọ ìgbà tó kú. Ibi tí etí tó ṣẹ́kù bá kọjú sí ni gbogbo ariwo ń gbà wá. Ẹ̀rù bà á gidigidi.

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó ní kí ìyàwó máa mi iwájú ọkọ̀ náà. Lọ́tẹ̀ yìí, kò fetí sílẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ ló ń gbé lé oríkèé kọ̀ọ̀kan. Apá òsì ni irin kékeré kan ti gbá a lọ́wọ́, orí rẹ̀ ń mì bí eyín arúgbó. Ó fi tuntun sí i, wọ́n tún wọ ojú kòtò. Jíìpù ò fọhùn mọ́.

Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ò dùn. Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, ó bi ìyàwó rẹ̀ pé, "Mo rí i tí ẹnu rẹ ń mì nígbà tí ò ń wakọ̀. Kí lo sọ?"

"Mo ní ọ̀dọ̀ tèmi ló ti ń dún. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí mo ti ń sọ ọ́ fún yín lórí ibùsùn lálaalẹ́."

"N ò gbọ́ ni. Etí òsì mi ti kú, Ìyá wọn."

Ìyàwó gba iwájú jíìpù kọjá, ó wá dúró lápá ọ̀tún ọkọ rẹ̀.

"Ẹ mọ̀ pé apá òsì yín ni mo máa ń sùn sí," ló sọ. "Láti ọdún tó kọjá ni mo ti rò pé ọ̀rọ̀ mi ló sú yín."