Ẹ Má Kúnlẹ̀, Ajá Wà Nílé

Gbogbo ẹni tó mọ ilé mi ní Darkuman, ní Gáná níbí, ló ti sọ fún mi rí pé ajá mi burú. Mo gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo gbọ́ ọ lọ́jà, mo sì gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí kò sin adìyẹ rí, ká má tíì sọ ajá. Ajá tí wọ́n ń wí yìí, ọmọ oṣù mẹ́jọ ni nígbà náà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gùn, etí kan dúró, èkejì wó lulẹ̀, eyín tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ kún ẹnu rẹ̀, kò sì mọ ohun tó yẹ kó fi wọ́n ṣe.

Opó ni mí. Lẹ́yìn tí ọkọ mi kú ni olè fo ògiri wọlé, tí wọ́n gbé sílíńdà gáàsì àti páálí ọṣẹ lọ nínú ṣọ́ọ̀bù tí mo ń tajà níwájú ilé. Ọmọbìnrin mi ló lọ gbé ajá náà wá. Ó kéré débi pé inú báàgì tó ń gbé lọ síbi iṣẹ́ ló gbé e sí. Bí ilé wa tó ti pa lọ́lọ́ ṣe tún bẹ̀rẹ̀ sí í ní ariwo nìyẹn. Mo fẹ́ràn ajá yẹn, mi ò sì fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í gé èèyàn jẹ. Ọ̀dọ́kùnrin kan láti ṣọ́ọ̀ṣì wa dọ̀bálẹ̀ kí mi, ajá gé e jẹ létí. Àwọn ọmọbìnrin méjì kan wá kí mi lọ́jọ́ Sunday, ó gé àwọn méjèèjì jẹ lọ́wọ́. Eyín rẹ̀ kì í wọlé púpọ̀, dókítà ẹran sì ti gún un lábẹ́rẹ́ dìgbòlugi, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ lẹ̀jẹ̀ ń jẹ́. Ìyá kan ní kí n fi ata sọ́wọ́. Òmíràn ní kí n fi òróró àdúrà pa á lórí. Ẹ̀kẹta ní pàṣán ni, pé kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Mi ò na ajá mi.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé kì í gé àwọn ará Gáná jẹ. Àtàárọ̀ ni wọ́n ń wá ra ọṣẹ àti mílíìkì lọ́wọ́ mi, wọn á bọ̀ mí lọ́wọ́, wọn á sì kọjá lára rẹ̀. Aládùúgbò mi tó ń ta kẹ́ńkẹ́ fi Twi sọ ọ́, ó sì ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́, pé ajá mi ò fẹ́ràn Alata, orúkọ tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá. Ẹ gbọ́ mi o! Ajá tó ń jẹ oúnjẹ Alata, tó ń sùn nílé Alata.

Ọ̀rọ̀ náà di wàhálà lọ́jọ́ tó gé ìyàwó àbúrò ọkọ mi jẹ. Àbúrò ọkọ mi yìí ń ta pààtì mọ́tò ní Abossey Okai. Mo jù ú lọ dáadáa, ṣùgbọ́n ó ti wà nílé kí wọ́n tó gbé mi wọlé, ẹni tí ìyàwó bá sì bá nílé, ọkọ rẹ̀ ni. Mo ti ń kúnlẹ̀ kí i láti ìgbà tó ṣì ń wọ ṣòkòtò péńpé ilé ẹ̀kọ́. Nígbà tí ọkọ mi wà láyé, ọ̀rọ̀ náà máa ń pa àwa méjèèjì lẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn tó kú, kò pa mí lẹ́rìn-ín mọ́. Ọkùnrin náà á wọlé, á wò yíká, á sọ ibi tó yẹ kí jẹnẹrétọ̀ wà, á sọ irú ọ̀dà tó yẹ kí n fi kun ògiri tí èmi àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jọ kọ́.

Ó wá lọ́jọ́ kejì tí ajá gé ìyàwó rẹ̀ jẹ. Mo ti ajá mọ́ ẹ̀yìnkùlé, mo kúnlẹ̀.

Ó ní, “Ìyàwó, lọ́jọ́ Sátidé, màá wá mú ajá yẹn. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ni màá dè é mọ́. Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ.”

Mo mọ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù yẹn. Mo mọ ajá tó dè síbẹ̀ kí èyí tó dé. Ara ẹ́ńjìnnì tó ti bàjẹ́ ni wọ́n so ó mọ́ nínú oòrùn, ẹ̀wọ̀n ti jẹ gbogbo irun ọrùn rẹ̀ tán, títí tó fi kú ni kò sì sẹ́ni tó lè sún mọ́ ọn. Mo fẹ́ sọ pé rárá. Ó ṣòro láti sọ pé rárá lórí ìkúnlẹ̀. Inú bí mi sí ara mi di alẹ́.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ọṣẹ kan bọ́ lọ́wọ́ mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó yí wọ abẹ́ tábìlì. Mo kúnlẹ̀ kí n mú un. Gbìì! Ajá ti dé, ó ti gbá mi lọ́rùn ọwọ́ mú. Mo pariwo, mo dìde. Ó fi mí sílẹ̀, ó jókòó, ó ń ju ìrù. Mo wò ó. Mo tún kúnlẹ̀, ó fò mọ́ mi. Mo dìde, ó jókòó.

Mo pe ọmọ mi, mo ní kó fi bó ṣe máa ń bá ajá ṣeré hàn mí. Kíá ló ki orúnkún méjèèjì mọ́lẹ̀, ni àwọn méjèèjì bá wọ̀yá ìjà. Àṣé bó ṣe tọ́ ọ láti kékeré nìyẹn.

Ó ní, “Ah, Màámi, èmi ni mo kọ́ ọ! Ó dùn mí paa.”

Mo ní kó má sunkún. Ajá ò kórìíra ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ti kúnlẹ̀, ó gbà pé ó ń wá ẹni tí wọ́n á jọ jà ni. Àwa Yorùbá nìkan la sì ń kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

Ọjọ́ yẹn ni mo fòfin lélẹ̀ pé kí ọmọ mi dá ìjàkadì dúró, kí a máa fún ajá ní wele gbígbẹ, pọ̀nmọ́ àwọn ará ibí, kó máa rún un, kí ẹnikẹ́ni má sì kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀ nílé mi títí ajá á fi gbọ́n. Ìyá ìjọ kan ní, “Ṣé ajá ló máa wá kọ́ wa ní ìkíni?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà.

Sátidé pé. Àbúrò ọkọ mi wọlé pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n lọ́wọ́. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà, ajá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Mo ní, “Ẹ káàárọ̀, ọkọ mi.”

Ó dúró, bí ẹni tó ń retí ṣéńjì lọ́wọ́ métì tírótìrò, kọ́ńdọ́ ọkọ̀ èrò ibí.

“Ìyàwó, ṣé o ò rí mi ni?”

“Mo rí yín. Mo ti kí yín.”

“Lóòró?”

“Bí mo bá kúnlẹ̀, ajá á gé mi jẹ.”

“Torí ẹ̀ ni mo ṣe wá. Tí mo bá mú un lọ tán, wàá lè kúnlẹ̀.”

Ohun tó sọ nìyẹn gan-an. Àṣé nítorí kí orúnkún mi lè padà sílẹ̀ ni ajá mi ṣe fẹ́ lọ kú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì. Mo ní, “Ajá kì í rorò kó ṣọ́ ojúlé méjì. Ilé mi ni èyí ń ṣọ́. Kò ní lọ.”

Ó na ẹ̀wọ̀n, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ ajá.

Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kúnlẹ̀ o.”

“Ta ló ń kúnlẹ̀ fún ajá?”

Ṣùgbọ́n ọrùn ajá ò ga. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kò tó, ó wá fi orúnkún kan kúnlẹ̀ níwájú wa. Ajá fò mọ́ ọn, ó gbá a lọ́wọ́ mú. Mo ń pariwo, “Ẹ dìde, ọkọ mi! Ẹ dìde dúró!” Bó ṣe dìde ni ajá jókòó.

Mo fi omi ẹ̀rọ àti ọṣẹ dúdú fọ ọwọ́ rẹ̀, mo fọ̀ ọ́ dáadáa, mo sì fi aṣọ mímọ́ dì í. Òun jókòó, èmi dúró. Ó kó ẹ̀wọ̀n rẹ̀ sínú mọ́tò, ó lọ.

Ajá ti dàgbà báyìí. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ sùn sílẹ̀ níwájú rẹ̀, kò ní wò yín. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ti padà sí ìkíni wọn, èmi náà sì ń kúnlẹ̀ fún ìyá mi bí mo bá lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Àbúrò ọkọ mi ṣì ń wá, mo sì ń fún un lóúnjẹ. Òòró ni mo fi ń kí i. Ìyàwó rẹ̀ bi mí lọ́jọ́sí bóyá orúnkún ló ń dùn mí. Mo ní orúnkún mi ò ṣe nǹkan kan.